Orí Bíbẹ́ Kọ́ Loògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Root Canal àti Ìbẹ̀rù Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ni èmi, dókítà eyín, bá àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti àwọn ọlọ́jà sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Iléṣà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, nítorí àwọn tí kò ráyè wá, mo sì fi díẹ̀ kún un lára ìbéèrè tí wọ́n bi mí.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ìjókòó o. Mo mọ̀ pé ọjà Atákúnmọ́sà ni àwọn kan nínú yín ti ń bọ̀ tààrà, ẹsẹ̀ ṣì ń ro yín. Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni eyín ti jí lójú oorun rí láàárín òru? Ẹ nawọ́ sókè kí n rí i. Háà! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ilé. Ó dáa, ta ló ti lọ rí dókítà eyín rí nígbà tí nǹkan kan ò tíì máa dùn ún? Mo ka ọwọ́ mẹ́rin.

Àárín ọwọ́ púpọ̀ yẹn àti ọwọ́ mẹ́rin yìí ni ọ̀rọ̀ mi wà. Gbogbo wa la mọ̀ pé dókítà eyín wà. Ẹ̀rù ló ń bà wá. Bí wọ́n bá tún wá dárúkọ root canal, ìyẹn ìtọ́jú inú gbòǹgbò eyín, ẹ̀rù náà á di ìlọ́po méjì, torí ohun tí a ti gbọ́ lẹ́nu ará àdúgbò ni pé wọ́n máa ń gbẹ́ eyín dé inú eegun, pé irora rẹ̀ ju ti ìrọbí lọ. Obìnrin tó bímọ márùn-ún ló sọ èyí fún mi. Ẹnìkan ló sọ ọ́ fún òun náà, ó sì gbà á gbọ́ débi pé ó fi ọdún méjì gbé eyín tó ti jẹrà kiri.

N ò ní fi ẹ̀rù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, torí èmi náà ti bá a gbé rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí eyín ẹ̀yìn mi kan jẹrà tó sì wú. Wọ́n gbé mi lọ síbì kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò dúró kí abẹ́rẹ́ náà ràn mí lẹ́nu. Ẹnìkan di apá mi mú, ẹnìkan di ẹsẹ̀ mi, ẹnìkẹta yọ eyín. Kò sí ẹni tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi, nígbà tí mo sì ké, wọ́n ní kí n dákẹ́. Irora ọjọ́ náà ti lọ tipẹ́. Ohun tí kò lọ ni pé mo ké, wọn ò dúró. Títí mo fi wọ yunifásítì, bí òórùn oògùn ilé ìwòsàn eyín bá ta sí mi nímú, àtẹ́lẹwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá jókòó síwájú mi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, mo mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ìbẹ̀rù kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Nǹkan kan ló kọ́ ènìyàn ní i.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbé e yẹ̀wò: irora tí ẹ ń bẹ̀rù nínú root canal, ibo ló wà gan-an? Mo ń sọ ọ́ láti inú iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ pé ilé ni aláìsàn ti ń gbé irora yẹn bọ̀. Ó ti bá a sùn, ó ti bá a jí, ó ti bá a wọ mọ́tò dé ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ tiwa ni láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí èyí tó lè yé yín dáadáa, ẹ jẹ́ ká wọ inú eyín lọ.

Òde eyín, apá funfun tí à ń rí yìí, ló le jù nínú gbogbo ara ènìyàn. Eegun ò le tó o. Abẹ́ rẹ̀ ni ìpele kejì wà, èyí tí kò le tó tòkè, tó sì kún fún ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Àárín gbùngbùn ni ohun tí mo máa ń pè ní mùdùnmúdùn eyín wà, bí mùdùnmúdùn ṣe wà nínú eegun ẹran. Ohun ẹlẹ́ran rírọ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, iṣan tó ń mọ ìrora sì wà níbẹ̀. Láti inú orí eyín ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ gba inú gbòǹgbò títí dé ṣóńṣó ìsàlẹ̀, níbi tó ti so mọ́ ara ìyókù. Ọ̀nà tóóró tó gbà kọjá nínú gbòǹgbò yẹn ni wọ́n ń pè ní root canal. Orúkọ ọ̀nà ni o. Eyín iwájú lókè sábà máa ń ní ẹyọ kan. Eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀ sábà máa ń ní gbòǹgbò méjì àti ọ̀nà mẹ́ta; ti òkè ní gbòǹgbò mẹ́ta, ọ̀nà rẹ̀ sì lè tó mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú eyín ẹ̀yìn fi ń pẹ́ ju ti iwájú lọ.

Bí ẹsẹ̀ bá wú, awọ ẹsẹ̀ á fẹ̀ láti gba ìwú náà. Bí mùdùnmúdùn eyín bá wú, kò síbi tí yóò fẹ̀ sí, torí ògiri tó le jù nínú ara ló yí i ká. Ẹ̀jẹ̀ ń rọ́ wọlé, àyè ò sí, ó wá ń fún iṣan inú ibẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá tún wá dùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á túbọ̀ gùn wá sí orí. Òun ló fà á tí akokoro fi ń dúró di òru kó tó fojú hàn, tí ènìyàn á dìde jókòó láago méjì òru, tí á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, tí á sì rí i pé ìjókòó sàn fún òun ju ìdùbúlẹ̀ lọ.

Kí ló mú un wú? Àwọn àgbà wa ní kòkòrò ni, wọn ò sì ṣìnà pátápátá. Kòkòrò ni lóòótọ́, àmọ́ irú èyí tí ojú kò lè rí. Àwọn tó ń gbé igbá kiri, tí wọ́n ń fín èéfín sí ènìyàn lẹ́nu, tí wọ́n á wá fi ìdin funfun hàn án pé ẹnu rẹ̀ ló ti jáde, ẹ má fún wọn lówó mọ́. Mo ti la eyín tó jẹrà ju bẹ́ẹ̀ lọ wò, n ò rí ìdin kan níbẹ̀ rí.

Ní ọdún 1965, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ṣe ìdánwò kan tí mo fẹ́ràn láti máa sọ. Wọ́n mú oríṣi eku méjì. Àwọn kan ń gbé bí eku ṣe ń gbé. Àwọn kejì, inú àpótí tí kòkòrò àìfojúrí kankan kò lè wọ̀ ni wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà. Wọ́n lu eyín ìhà méjèèjì dé mùdùnmúdùn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ gbayawu, kí ìdọ̀tí oúnjẹ máa há sí i. Mùdùnmúdùn àwọn eku àkọ́kọ́ kú, ó di ọyún. Ti àwọn kejì yè. Ara wọn tiẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ ògiri tuntun bo ojú ihò náà. Irú ihò kan náà ni wọ́n lu, kòkòrò ló yàtọ̀. Gbogbo ìtọ́jú root canal dúró lórí òye yìí: kí a kó kòkòrò jáde, kí a sì dí ọ̀nà kó má baà padà wọlé.

Ihò tí kòkòrò àti ṣúgà bá gbẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gbà dé inú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa, àwa Ìjẹ̀ṣà: bí iyán bá dé, a máa ń fi eyín fọ́ eegun tó wà nínú ọbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń fi eyín ṣí ìgò. Eyín lè là láìkán. Ojú lè má rí ibi tó ti là, kòkòrò á rí i.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ sọ báyìí, torí òun ni mò ń rí jù. Bí omi tútù bá kan eyín tó ta ènìyàn, tí títa náà sì lọ kíá, mùdùnmúdùn ṣì lè yè; kí wọ́n dí ihò rẹ̀ lásán lè tó. Bó bá wá di pé omi tútù ti kúrò lẹ́nu tipẹ́ tí eyín ṣì ń lù kì-kì-kì bí ìlù, tàbí tó ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí ohun tó kàn án, mùdùnmúdùn yẹn ti ń kú lọ, kò ní yè mọ́. Tó bá wá kú tán ńkọ́? Ìrora á dáwọ́ dúró pátápátá. Ènìyàn á dúpẹ́, á jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ní agbo yẹn mà ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ Obòkun, a mọ Òṣómàálò. Àwọn baba ńlá wa ru aṣọ dé ìlú onílùú, wọ́n tà á láwìn, wọ́n sì padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè pé àwọn ò ní dìde àfi bí àwọn bá gba owó àwọn. Bí Òṣómàálò bá dìde lẹ́nu ọ̀nà yín láìgba kọ́bọ̀, ṣé ẹ máa rò pé ó ti dárí gbèsè jì yín ni? Eyín tó dákẹ́ láìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Iṣan tó ń mọ ìrora ló kú. Àwọn kòkòrò ò kú. Wọ́n ti rí ilé tí ẹ̀jẹ̀ kì í wọ̀ mọ́, tí àwọn ọmọ ogun ara kò lè dé. Wọ́n á máa bí sí i níbẹ̀, wọ́n á sì gba ṣóńṣó gbòǹgbò jáde sínú eegun àgbọ̀n. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọdún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, tàbí eéwo kékeré kan á yọ lórí èrìgì, á bẹ́, á tún padà.

Ìdí kan náà ni kápúsù tí à ń rà ní kẹ́míìsì kò fi lè wò ó. Oògùn tí a bá gbé mì, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e dé ibi tí àìsàn wà. Inú eyín tí mùdùnmúdùn rẹ̀ ti kú, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Ta ni yóò wá gbé oògùn débẹ̀? Ó lè bá ìwú tó wà lóde jà kó rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, orísun rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà. Aspirin tí àwọn kan ń lọ̀ lé èrìgì, ó ń jó ẹran ibẹ̀ ni. Omi bátìrì, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Mo ti tọ́jú ètè tí omi bátìrì bó.

Ohun kan tún wà tí kò gba sùúrù rárá: ìwú tó sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n lọ sí ọrùn, ẹnu tí kò ṣí dáadáa mọ́, itọ́ tí kò ṣe é gbé mì, èémí tó ń há, ibà tó ń gbóná. Ilé ìwòsàn ni lóru ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹ má dúró de ọ̀la. Ìwú yẹn lè dí ọ̀nà èémí, ó sì ń pani.

“Dókítà, ẹ kúkú bá mi yọ ọ́.” Gbólóhùn tí mò ń gbọ́ jù nìyẹn. Ìdáhùn mi ni òwe tí gbogbo yín mọ̀: orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Bí eyín kan bá kúrò lójú ìlà, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fì sí àyè tó ṣí, èyí tó wà ní ọ̀kánkán rẹ̀ á máa gùn bọ̀, eegun àgbọ̀n ibẹ̀ á máa súnkì. Ìyà á wá máa jẹ ẹ̀gbẹ́ kejì tí a fi ń jẹun. Lóòótọ́, owó tí a fi ń yọ eyín kéré sí ti root canal, n ò ní bò ó. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: owó eyín àtọwọ́dá ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, bó sì ti wù kó dára tó, kò lè dà bí èyí tí Ọlọ́run fi síbẹ̀. Ẹ béèrè iye gbogbo ìtọ́jú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ti adé tí wọ́n máa fi bo eyín náà. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Eyín tó yẹ kí a yọ wà o. Èyí tó ti kán wọnú ìsàlẹ̀ èrìgì, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti là sí méjì, èyí tí àrùn èrìgì ti mú kó máa mì bí òpó tí ìkán jẹ ìdí rẹ̀. Dókítà tó bá jẹ́ olóòótọ́ á sọ fún yín pé owó yín máa ṣòfò lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ya Ifẹ̀ díẹ̀, kò kúkú jìnnà. Ní ọdún 1938, níbi tí wọ́n ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, wọ́n hú àwọn orí idẹ jáde nínú ilẹ̀, àwọn orí tí gbogbo ayé ń wò títí di òní tí ẹnu ń yà wọ́n. Ìda ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi ìda mọ orí, á fi amọ̀ bò ó, á yáná sí i kí ìda yọ́ jáde, á wá rọ idẹ gbígbóná sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù sí kọ̀rọ̀ kan, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá há síbẹ̀, orí yẹn á ní àléébù. Ìlànà tí à ń tẹ̀ lé nínú eyín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀: kí ohun tó ti kú jáde láìṣẹ́ kù, kí àyè rẹ̀ mọ́, kí a sì fi ohun tí kò ní jẹrà kún un dé kọ̀rọ̀ tó kéré jù. Ìyàtọ̀ kan wà. Ẹni tó ń rọ idẹ á fọ́ amọ̀ rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ní tiwa, amọ̀ yẹn gan-an, ìyẹn eyín yín, ni a fẹ́ pa mọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá, a ó kọ́kọ́ yẹ ẹnu wò, a ó fi ohun tútù kan eyín, a ó rọra kàn án gbà-gbà láti mọ èyí tó ń dùn gan-an, a ó sì ya X-ray. Láti ọdún 1895 tí Röntgen ti rí ìtànṣán yìí ní Jámánì, dókítà kò ní láti máa táràrà nínú òkùnkùn mọ́.

Abẹ́rẹ́ ló kàn, mo sì mọ̀ pé òun ni ọ̀pọ̀ yín ń dúró dè kí n sọ. A ó kọ́kọ́ fi jẹ́lì kan pa ojú ibi tí a fẹ́ gún, kó kú díẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín. Bí ọwọ́ dókítà bá yá jù nígbà tó ń tẹ oògùn wọlé, ìyẹn ló ń dunni, nítorí náà ẹ lè sọ fún un pé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.” Adrenaline díẹ̀ wà nínú oògùn náà tó ń jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu. Ó lè mú kí àyà lù kìkì fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ń kú lọ ni ìgbà yẹn, torí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn ṣáájú. Ó máa lọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kú tipiri, bí ìgbà tí ènìyàn jẹ orín ata pẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún 1943 ni Nils Löfgren, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Sweden, ṣe lignocaine, oògùn tí à ń lò jù fún èyí. Ìyá àgbà tó sọ fún yín pé wọ́n fi ojú òun rí màbo nídìí eyín nígbà èwe rẹ̀ lè má purọ́ rárá. Ìtàn ìgbà tí oògùn tó dára kò dé ọ̀dọ̀ wọn ló ń sọ. Àṣìṣe tiwa ni pé a gbé ìtàn ìgbà yẹn wá síbi iṣẹ́ òde òní.

N ò sì ní purọ́ fún yín. Ìgbà mìíràn wà tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kì í tó, pàápàá bó bá jẹ́ eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀ tó ń ro gan-an lọ́wọ́. Ibi tó bá ti wú máa ń kan bí ọtí, oògùn kì í sì ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ohun tó kan. Nígbà náà, a ó fi òmíràn kún un, a sì lè fi díẹ̀ sínú eyín náà gan-an. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nínú èyí ni pé ẹ má fara dà á. A ti kọ́ wa láti kékeré pé ọmọlúàbí a máa pa ìrora mọ́ra. Lórí àga dókítà eyín, ẹ sọ ọ́ jáde.

Bí ẹnu bá ti kú, a ó ta awẹ́ rọ́bà kan yí eyín náà ká, kí itọ́ má wọ inú rẹ̀, kí nǹkan kan má sì bọ́ sí yín lọ́fun. A ó ṣí ojú kékeré lórí eyín. A ó fi àwọn irin tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní fáìlì kó mùdùnmúdùn tó ti bàjẹ́ jáde, a ó sì máa wọn bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó, kí a má baà ṣẹ́ kù tàbí kọjá ààlà. Omi oògùn tí a fi ń fọ̀ ọ́, irú èròjà kan náà tó wà nínú Jik tí ẹ fi ń fọ aṣọ funfun ni, tí wọ́n pò fún ìlò eyín. Ó ń pa kòkòrò, ó sì ń yọ́ ẹran tó ti kú. Nígbà mìíràn a ó fi oògùn sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó dí i fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó sì padà wá. Ohun tí a fi ń kún un nígbẹ̀yìn ni gutta-percha, oje igi kan tó ń hù ní ìhà Malaysia. Irú oje yìí kan náà ni àwọn òyìnbó fi bo wáyà tẹligíráàmù tó gba abẹ́ òkun kọjá ní nǹkan bí ọdún 1851, torí omi kì í wọ inú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, eyín lè máa ro díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan bí ẹ bá fi jẹun, bí ìgbà tí ara ń ro ẹni tó roko. Paracetamol tàbí ibuprofen sábà máa ń káwọ́ rẹ̀. Ẹ má jẹun kí ètè tó padà bọ̀ sípò, kí ẹ má baà gé ara yín jẹ. Bó bá jẹ́ eyín ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi adé bò ó, torí ó rọrùn fún irú eyín bẹ́ẹ̀ láti là. Mo ti rí ẹni tó náwó sórí root canal, tó wá fi owó adé du ara rẹ̀, tí eyín náà là sí méjì lórí eegun ẹran kan ṣoṣo.

Ó kù díẹ̀ kí n bu ìbéèrè gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá kan tó ń ta aṣọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dé ẹnu géètì wa tó padà sílé. Ìgbà kẹrin, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bá a wọlé. Mo sọ fún un pé, “Mà, lónìí, n ò ní fi irin kankan kàn yín lẹ́nu. Ẹ kàn jókòó.” Ó jókòó. Mo mú fáìlì tó kéré jù, mo gbé e lé e ní àtẹ́lẹwọ́. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ṣé ohun tí wọ́n ń sọ náà nìyí?” Mo fi àwòrán X-ray rẹ̀ hàn án, mo sì fi ìka tọ ọ̀nà tí fáìlì náà máa gbà. Lẹ́yìn náà ni a jọ fẹnu kò: bó bá na ọwọ́ òsì, màá dúró. N ò ní béèrè ìdí, n ò ní sọ pé “ó kù díẹ̀.” A dán an wò. Ó na ọwọ́ nígbà tí n kò tíì ṣe ohunkóhun, mo gbé ọwọ́ mi kúrò. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ rọ̀.

Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ gan-an, ó na ọwọ́ ẹ̀ẹ̀méjìlá. Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀méjìlá ni mo dúró. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló jẹ́ pé ó ń dùn ún lóòótọ́, mo sì fi abẹ́rẹ́ kún un. Àwọn ìyókù, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá màá dúró ni. Lọ́jọ́ kejì, ó na ọwọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún. Kò sí oògùn tí mo mọ̀ tó ń pa ìbẹ̀rù bíi kí ènìyàn mọ̀ dájú pé òun lè sọ pé ó tó.

Ẹ̀yin aláìsàn, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gba àpọ́íńtìmẹ́ǹtì pé ẹ̀rù ń bà yín, kí wọ́n lè fi àkókò tó pọ̀ sílẹ̀ fún yín. Ẹ jẹun kí ẹ tó wá, kí òòyì má baà kọ́ yín. Ẹ má mu ọtí láti fi kó àyà jọ. Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí oyún, bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ wí. Lórí àga, ẹ rọra fa èémí sínú, kí ẹ wá jẹ́ kí èyí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó wọlé lọ. Ara tó bá le gbagidi máa ń gbọ́ ìrora ju ara tó rọ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi orin sétí, kó fi sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹnìkan di òun lọ́wọ́ mú, kó mú un wá.

Bàbá kan béèrè bóyá òótọ́ ni pé bí wọ́n bá fọwọ́ kan eyín òkè, ojú á fọ́. Rárá, sà. Iṣan tí ojú fi ń ríran yàtọ̀ sí èyí tí eyín fi ń mọ ìrora. Ọ̀nà wọn ò pa pọ̀. Ẹlòmíràn ní òun kà á lórí fóònù pé root canal máa ń fa jẹjẹrẹ. Àròyé àtijọ́ ni, láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn kan rò pé eyín tó kú ló ń fa gbogbo àìsàn ara. Wọ́n yọ eyín ẹgbàágbèje ènìyàn nítorí rẹ̀, àìsàn wọn ò sì lọ. Aboyún kan béèrè bóyá òun gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí òun bá bímọ. Kó má dúró. Oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ló dẹrùn jù fún un, ṣùgbọ́n bí ìrora tàbí ìwú bá wà, a kì í fi falẹ̀.

Lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti ń dìde, ọmọbìnrin kan dúró tì mí. Ó fọwọ́ bo ẹnu bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ṣubú lórí ọ̀kadà ní ọdún méjì sẹ́yìn, eyín iwájú rẹ̀ kan sì ti ń dúdú bọ̀. Kò dùn ún. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé bí òun bá ṣe root canal, ṣé èèjí òun máa bàjẹ́? Mo ní kó gbé ọwọ́ kúrò kí n rí i. Èèjí náà dára lóòótọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé eyín yẹn ò ní kúrò níbi tó dúró sí, nítorí náà àyè tó wà láàárín wọn ò ní yí padà, àti pé lẹ́yìn tí a bá tọ́jú inú rẹ̀ tán, a lè fi oògùn sínú eyín náà láti mú dúdú yẹn ṣí. Ó ronú díẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ń gbé ní Ìmọ̀, ṣé òun lè mú un wá kó di òun lọ́wọ́ mú? Mo ní kó mú un wá. A fi í sí ọjọ́ Túsìdé, ní aago mẹ́wàá.